Òòlù Kọ́ Ló Ń Yọ Ṣáàfù Pùròpẹ́là

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn èbúté wa, láti Ìpákodò dé Ẹ̀pẹ́, láti Mákòókò dé Àgbádárìgì, títí lọ dé etíkun Ìlàjẹ. Ìgbàgbọ́ náà ni pé bí ṣáàfù pùròpẹ́là ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi bá há, agbára ló kù. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé òòlù ńlá wá. Bí òòlù kò bá ràn án, wọ́n á ní kí wọ́n pe wẹ́dà kó gbé iná rẹ̀ bọ̀. Mẹkáníìkì tó bá lù ú títí ó fi jáde lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè ní akíkanjú. Èyí tó bá da epo sí i, tó ní kí ẹ padà wá lọ́la, wọ́n á ní kò mọ iṣẹ́. Mo lòdì sí ìgbàgbọ́ yìí pátápátá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ́ńjìnì lẹ́yìn ọkọ̀ mọ ìdí tí mo fi lòdì sí i.

Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: ṣáàfù tó há ní ìdí tó fi há, iṣẹ́ mẹkáníìkì sì ni láti mọ ìdí náà kó tó fọwọ́ líle kàn án. Ẹni tó ń lu ohun tí kò yé e kò tún nǹkan kan ṣe; ó ń sọ ìbàjẹ́ kékeré di ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Apẹja tó yá owó ra ẹ́ńjìnì ni yóò jẹ ẹ́, àti ìyá oníṣòwò tó jókòó ti ẹrù rẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀sà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan ọ̀hún ṣe rí nínú. Nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, níbi tí omi ń bò, ni ilé gíà wà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi dà á. Ṣáàfù gígùn kan dúró lóòró, ó ti orí ẹ́ńjìnì wọ inú rẹ̀ wá, gíà kékeré kan sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Gíà kékeré yìí ló ń yí gíà ńlá méjì, ọ̀kan fún ìlọsíwájú, ọ̀kan fún ìpadàsẹ́yìn. Ṣáàfù pùròpẹ́là dùbúlẹ̀ gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, irin kan tó ń sún síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ ló sì ń yan èyí tí yóò dì mọ́ ọn. Bí awakọ̀ bá ti fa ọwọ́ gíà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ti irin yẹn, ọkọ̀ á sì lọ síwájú tàbí kó fà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn pùròpẹ́là gan-an ni ilé béárìn wà. Òun ló dí ẹnu ilé gíà. Béárìn tó gbé ìdí ṣáàfù dúró wà nínú rẹ̀. Síìlì rọ́bà tó ń dá epo dúró sínú, tó sì ń dá omi dúró síta, wà nínú rẹ̀. Òrùka rọ́bà kan tún yí i ká. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré, bóòtù méjì ló dè é mọ́ ilé gíà. Lórí àwọn mìíràn, nọ́ọ̀tì ńlá rìbìtì kan ló dè é, pẹ̀lú wọ́ṣà pẹlẹbẹ tí wọ́n ká etí rẹ̀ sókè kí nọ́ọ̀tì má baà tú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí kì í ṣe ṣáàfù gan-an la ń yọ. Ilé béárìn la ń yọ, ṣáàfù á sì tẹ̀ lé e. Bí ilé béárìn bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sì sí ohun mìíràn tó di ṣáàfù mú nínú, ọwọ́ lásán tó láti fà á jáde.

Ẹ wá ronú sí ohun tí òòlù ń ṣe níbẹ̀. Orí ṣáàfù níbi tí pùròpẹ́là ti kúrò ni ọwọ́ mẹkáníìkì lè dé. Ẹ̀yìn ló dúró sí, ẹ̀yìn la sì fẹ́ kí ṣáàfù jáde sí. Gbogbo òòlù tó bá sọ̀ sórí ṣáàfù yẹn, ó ń tì í wọlé ni! Ẹni tó rí i pé kò jáde á tún fi kún agbára, ohun tó fẹ́ kó jáde á sì túbọ̀ máa wọlé. Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì tó wà lórí ṣáàfù á tẹ́ pẹlẹbẹ, nọ́ọ̀tì kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Bó bá lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣáàfù á tẹ̀. Bó bá gbé ṣísẹ̀lì ti etí ilé béárìn, etí náà á kán. Wọ́n á wá sọ pé ẹ́ńjìnì náà ti gbó, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ló gbó o.

Ìdí méjì pàtàkì ló ń mú kí ṣáàfù há. Èkíní ni pé ohun kan ṣì dì í mú tí ẹni tó ń tú u kò rí. Ó lè jẹ́ etí wọ́ṣà tí wọn kò tẹ̀ padà. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì rìbìtì tí iyọ̀ ti bò mọ́lẹ̀ títí ó fi dà bíi pé ara ilé gíà ni. Ó sì lè jẹ́ ọ̀pá tó ń yí gíà: lórí àwọn ẹ́ńjìnì kan, ọ̀pá yìí kọ́ iwájú ṣáàfù lọ́wọ́ nínú ilé gíà, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tú u. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Johnson àti Evinrude àtijọ́, ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè tí wọ́n fi ń da epo gíà nù, òun sì ni ohun tó ń yí gíà nínú fi ń dúró. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ṣèèṣì tú u nígbà tó bá fẹ́ da epo, gíà á kọ̀ láti wọlé, wọ́n á sì kéde pé ilé gíà ti kú. Bí wọ́n bá fi agbára fa ṣáàfù nígbà tí irú nǹkan báyìí ṣì dì í mú, ó lè jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dì í mú á ti ṣẹ́ sínú.

Ìdí kejì ni iyọ̀. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi kan náà jálẹ̀ ọdún. Lásìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń da omi dídùn sí i, iyọ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á tún wọlé padà. Ní etíkun Ìlàjẹ, iyọ̀ kò jìnnà sí ẹ́ńjìnì nígbà kankan. Bí irin tí kì í dógùn-ún, èyí tí wọ́n fi ṣe bóòtù àti ṣáàfù, bá fara kan alumíníọ̀mù nínú omi oníyọ̀, iná mànàmáná kékeré á máa ṣàn láàárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹ. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń rí lẹ́nu ilé béárìn, ara alumíníọ̀mù tó ti jẹ ni. Ìyẹ̀fun yìí gba àyè ju alumíníọ̀mù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń fún ilé béárìn mọ́ ilé gíà, tó sì ń fún bóòtù mọ́ ihò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Ohun tó fi ọdún méjì há, wọ́n fẹ́ kó tú láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Iná tiẹ̀ burú ju òòlù lọ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Àwọn wẹ́dà wa mọ irin dáadáa. Irin á pọ́n kó tó rọ̀, pípọ́n rẹ̀ ló sì ń kìlọ̀ fún wọn. Alumíníọ̀mù kì í kìlọ̀. Ní ìwọ̀n ooru 660 ti Celsius ló ń yọ́, kò sì ní pọ́n lójú ẹni tó mú iná dání kó tó wó. Kó tó débẹ̀ rárá ni yóò ti rọ̀, tí ẹnu ilé gíà á ti wọ́, tí ilé béárìn kò ní bá a mu mọ́ láéláé. Mi ò sọ pé ooru kò wúlò o. Ó wúlò gan-an bí a bá mọ ibi tó yẹ kó lọ. Ilé gíà tó wà níta la fẹ́ kó gbóná, kó sì gbóná kíá, kí ẹnu rẹ̀ lè fẹ̀ kúrò lára ilé béárìn kí ooru tó dé inú. Omi híhó tí wọ́n dà yí i ká léraléra lè ṣe é, kò sì ní yọ́ ohunkóhun.

Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro, sùúrù àti ètò ló ń fẹ́. Ẹ yọ wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnì má baà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójijì nígbà tí ẹ bá ń yí pùròpẹ́là. Ẹ da epo gíà sínú abọ́, kí ẹ sì wò ó dáadáa, nítorí epo yẹn ń sọ̀rọ̀: bó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọlé, bí ẹ bá rí èérún irin nínú rẹ̀, gíà tàbí béárìn ti ń jẹ. Ẹ yọ pín-ìn-nì tó há nọ́ọ̀tì mọ́, ẹ yọ nọ́ọ̀tì, wọ́ṣà, pùròpẹ́là, àti wọ́ṣà nípọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n. Ibẹ̀ gan-an lẹ ó ti rí okùn àwọ̀n tàbí okùn ìwọ̀ tó ti lọ́ mọ́ ṣáàfù, tó sì ti ń gé síìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìyẹ̀fun funfun náà kúrò, kí ẹ rí ojú bóòtù. Ẹ fín epo tó ń wọ inú ìpẹtà sí ìdí bóòtù àti sí etí ilé béárìn yíká, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá máa tú bóòtù, ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹ tún fún un padà, títí yóò fi gbà. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára dẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni bóòtù ń kán mọ́ lọ́wọ́. Bí bóòtù bá ti jáde, ẹ fi òòlù rọ́bà ta etí ilé béárìn jẹ́jẹ́ sápá ọ̀tún, kí ẹ ta á sápá òsì, kó lè yí lọ yí bọ̀ nínú ihò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni púlà á wá ṣiṣẹ́: ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á kọ́ ilé béárìn, bóòtù àárín rẹ̀ á tẹ orí ṣáàfù, bí ẹ sì ṣe ń yí i ni ilé béárìn á máa bọ̀ síta bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Èyí ni agbára tó mọ ibi tó ń lọ.

Bó bá ti ń jáde, ẹ fi ọwọ́ gbà á. Irin kékeré tó ń ti gíà lè já bọ́ láti iwájú ṣáàfù. Àwọn pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín tó ń ṣe ìwọ̀n àlàfo láàárín gíà gbọ́dọ̀ padà sí àyè wọn gan-an, nítorí bí àlàfo yẹn bá yí padà, eyín gíà á máa jẹ ara wọn. Ṣáàfù tí wọ́n fi agbára yọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó wà níbo.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní àyè kò sí, pé apẹja kò lè febi sùn nítorí bóòtù méjì. Òótọ́ ni pé ojoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá dúró ni owó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òru kan ni epo ń fẹ́ láti wọlé. Ilé gíà tó bá fọ́ ńkọ́? Ẹ ó wá tòkunbọ̀ kiri, ẹ ó san owó tí ẹ kò pèsè sílẹ̀, ẹ kò sì mọ iye ọdún tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti fi jẹ ẹ́ kó tó tà á. Ẹni tó sá fún òru kan ló máa ń fi ọ̀sẹ̀ odindi jókòó sí èbúté.

Wọ́n á ní kò sí púlà, pé nǹkan olówó ni. Irin pẹrẹsẹ kan tó nípọn, bóòtù gígùn kan láàárín, àti ìkọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí wẹ́dà kan ní èbúté tí kò lè ṣe é láàárín ọ̀sán kan. Ohun tó yẹ kí iná wẹ́dà ṣe fún wa nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ojú omi ní èbúté kan bá dá owó ṣe ẹyọ kan péré, gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ni yóò máa lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àwọn ṣe kọ́ àwọn, ó sì ń jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé ó ń jáde, ọjọ́ tó jáde nìkan ló ń kà. Kò ka oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀. Ṣáàfù tó tẹ̀ díẹ̀, tí ojú lásán kò tilẹ̀ rí, á máa jó nínú síìlì tuntun. Síìlì á fẹ̀, omi á wọlé, epo á bàjẹ́, béárìn á jẹ. Oníbàárà á padà wá, wọ́n á sọ fún un pé síìlì tí wọ́n ń tà lóde òní kò dára. Kò sẹ́ni tí yóò rántí òòlù oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ àṣà la ń tẹ̀ lé, èyí tó dàgbà ju ọ̀gá ẹnikẹ́ni lọ ti wà: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Àwọn kan á tún ní ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ mọ́ ẹ́ńjìnì, òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ ṣe fàájì lórí adágún mímọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún, pé omi tiwa yàtọ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Yamaha Enduro tó kún èbúté wa, iṣẹ́ ajé àti iṣẹ́ ẹja ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, fún irú ibi tí à ń gbé yìí gan-an. Bí omi wa bá sì le ju ti ẹlòmíràn lọ, ohun tó yẹ kó tìdí rẹ̀ jáde ni pé ká túbọ̀ ṣọ́ra, kì í ṣe pé ká gbé òòlù tó tóbi jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù ni pé ọ̀pọ̀ ṣáàfù tó há wọ̀nyí kò yẹ kó há rárá. Ìtọ́ni tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n máa pààrọ̀ epo gíà ní gbogbo wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọkọ̀ èrò tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́ á ti pé wákàtí 100 ní ọjọ́ kẹtàlá. Mélòó nínú wọn ló ń rí epo tuntun kí ọdún tó yí? Ẹni tó bá ń tú ìdè epo déédéé á rí omi nínú epo kó tó di ìpẹtà. Ẹni tó bá ń yọ pùròpẹ́là wò á rí okùn kó tó gé síìlì. Ẹni tó bá fi gíríìsì tí omi kì í ṣàn lọ kun bóòtù àti etí ilé béárìn lọ́jọ́ tó ń dá a padà, kò ní bá a jà lọ́jọ́ mìíràn. Síǹkì tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni iyọ̀ ń jẹ dípò alumíníọ̀mù. Síbẹ̀, àwọn kan á kùn ún lọ́dà kó lè dán, wọ́n á sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di aláìwúlò. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ láìkùn, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti jẹ dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Bí ilé gíà bá kọṣẹ́ lójú omi, ẹ́ńjìnì á máa ké, pùròpẹ́là kò ní yí. Ọkọ̀ tí kò ní agbára kò lè kọjú sí ìgbì. Ìgbì ni yóò yí i sí ibi tó bá wù ú, á sì fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ omi. Lójú òkun Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tàbí láàárín ọ̀sà lálẹ́ nígbà tí ìjì bá dé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín síìlì tó gbámú àti síìlì tí ṣáàfù wíwọ́ ti jẹ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó délé àti ẹni tí kò délé. Jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà dára, kí gbogbo èèyàn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni. Orí pákó mẹkáníìkì ni ààbò ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fún ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ̀mù títí yóò fi lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó di ṣáàfù mú lórí ẹ́ńjìnì tó wà níwájú rẹ̀, kó tó mú sípánà kankan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ apẹja, ẹ ṣe púlà sí èbúté yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ni ẹ́ńjìnì, ẹ dẹ́kun yíyin ẹni tó yára fọ́ ọ, kí ẹ sì dẹ́kun bíbú ẹni tó ní kí ẹ padà wá lọ́la. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín pé: kí ló dì í mú? Bó bá dá yín lóhùn, ẹ jókòó tì í, ẹ fún un ní àyè tó béèrè. Bó bá jẹ́ òòlù ló nawọ́ sí kó tó dáhùn, ẹ gba ẹ́ńjìnì yín lọ́wọ́ rẹ̀.